Tíṣà Ejìnrìn

Bí Sumie Inafuku bá ti kẹ́yìn sí àwọn ọmọ iléèwé Ufubaru, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Tíṣà Ejìnrìn ni wọ́n ń pè é. Ó mọ̀, kò sì bínú sí i. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ kan nígbà ooru tí ejìnrìn kì í sí nínú oúnjẹ ọ̀sán wọn. Lónìí wọ́n á fi ẹyin àti wàrà sóyà dín in, lọ́la wọ́n á gé e tín-ín-rín sínú ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, lọ́túnla wọ́n á yí i ní ìyẹ̀fun, wọ́n á dà á sínú òróró gbígbóná. Ejìnrìn erékùṣù Okinawa kì í ṣe wẹ́wẹ́ tó ń fà lára ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Ó gùn tó apá ọmọdé, ara rẹ̀ rí págunpàgun, bó sì ṣe tóbi tó ni kíkorò rẹ̀ tó. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ fi í sẹ́nu, ojú rẹ̀ á kó jọ bí ojú ẹni tí wọ́n bú láàárín ọjà.

Olùkọ́ oúnjẹ ni Sumie. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, kó wá sí Ufubaru lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Láti àárọ̀ ló ti wà nílé ìdáná iléèwé pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ, tó ń tọ́ iyọ̀ wò, tó ń ṣí ìkòkò ìrẹsì wò. Bí agogo bá lù, àwọn ọmọ fúnra wọn á de fìlà funfun, wọ́n á gbé ìkòkò lọ sí kíláàsì, wọ́n á bu oúnjẹ fún ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kan oúnjẹ títí gbogbo wọn á fi jókòó. Ìgbà náà ni Sumie á máa ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn. Kì í bá ọmọ jà. Kì í sọ fún ọmọ pé kó jẹ ẹ́ tán tipátipá. Ìtàn ló máa ń sọ.

Ó ní okùn kan tó ká jọ bí òṣùká, tó gùn tó ìfun àgbàlagbà. Ọmọ kan á di ìdí rẹ̀ mú nínú kíláàsì, òmíràn á máa fa orí rẹ̀ lọ, á gba ẹnu ọ̀nà jáde, á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Gbogbo èyí ló ká sínú ikùn yín," Sumie á wí. "Ẹja tí ẹ ń jẹ yìí ní láti rin ìrìn àjò yìí kó tó di ara yín." Ọmọ kan bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Tíṣà, ẹja tí mo jẹ lánàá, ṣé ó ti di èmi báyìí?"

"Ó ti ń di ìwọ díẹ̀díẹ̀."

"Ẹja náà ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

Sumie ń rẹ́rìn-ín lọ sílé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó ti ń ya òun náà lẹ́nu láti kékeré nìyẹn, pé ọ̀dùnkún inú ilẹ̀ lè di eyín, kó di èékánná, kó di ẹ̀rín lẹ́nu èèyàn. Àwọn kan ń wá iṣẹ́ ìyanu kiri nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni wọ́n ń jókòó tì í.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ló ti kọ́ ìyanu náà. Nabi ni orúkọ ìyá yìí, ìkòkò sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè àtijọ́ erékùṣù náà. Orúkọ ọ̀hún rò ó dáadáa. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ ni ó máa ń jókòó sórí àpótí kékeré láàárín ebè, tí á máa ro oko rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ kúkurú, tí á sì máa sún àpótí náà síwájú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìdí. Eyín ẹnu rẹ̀ ló fi ń fọ́ ẹ̀pà. Ọ̀dùnkún, ewé òkun, wàrà sóyà, ejìnrìn, ẹja nígbà tí òkun bá gbà, ẹlẹ́dẹ̀ nígbà ọdún, ohun tó jẹ dàgbà nìyẹn, ó sì máa ń dáwọ́ dúró kí ikùn tó kún. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀ lóòótọ́, ẹni tó bá rí àwọ̀ Nabi kò ní bèèrè ẹ̀rí mìíràn.

Ọmọ-ọmọ méjì ni ìyá náà tọ́, Sumie àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Moritaka. Moritaka kò fẹ́ràn ejìnrìn rí láyé rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ti yíjú báyìí, á yára da tirẹ̀ sínú àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sumie á sì jẹ ẹ́ mọ́ tirẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn ọmọ náà. Nígbà tí Moritaka dàgbà, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ló ń wà, ojú ọ̀nà ló sì ti ń jẹun: adìyẹ díndín, búrẹ́dì ẹlẹ́ran, ẹlẹ́rìndòdò. Ó lawọ́, ó yá mọ́ èèyàn, gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró lórí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀. Ìlú Naha ni Sumie wà lọ́jọ́ náà, níbi tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tó yẹ kí wọ́n máa jẹ.

Àwọn ará erékùṣù náà ti wá ń rí irú rẹ̀. Àwọn arúgbó tó jẹ ọ̀dùnkún dàgbà ló ń sin àwọn ọmọ tó jẹ adìyẹ díndín dàgbà, kò sì sí babańlá tó sọ bí wọ́n ṣe ń gba irú òkú bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Níbi ìsìnkú, Nabi jókòó ti pósí, kò sunkún. Ó kàn na ọwọ́ ara rẹ̀ síwájú, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ẹni ń bi ọwọ́ náà pé kí ló dé tí òun ṣì lókun. Ọwọ́ yẹn ba Sumie lẹ́rù ju òkú inú pósí lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi Naha sílẹ̀, tó wá ń ṣiṣẹ́ ní iléèwé abúlé wọn.

Bí iná bá kú, a feérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ ẹ̀ rọ́pò. Moritaka fi ìyàwó kan sílẹ̀, Satsuki, àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kotoha. Wọ́n kọ orúkọ olóògbé sí pátákó kékeré, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ ìdílé nílé Nabi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nílẹ̀ náà, òkú kì í febi sùn. Ohun tó bá fẹ́ràn nígbà tó wà láyé ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀. Bí tùràrí bá jó tán, wọ́n á gbé oúnjẹ náà sọ̀ kalẹ̀, àwọn alààyè á jẹ ẹ́, wọ́n sì ti bá òkú jẹun láwo kan náà nìyẹn.

Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Sumie máa ń ra adìyẹ díndín wá fún àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Sumie Tíṣà Ejìnrìn, ẹni tó ń fi okùn ìfun kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Òkú kì í sanra, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá sì gbé adìyẹ náà sọ̀ kalẹ̀, ta ni kí wọ́n fún bí kò ṣe ọmọ rẹ̀? "Gba ìpín bàbá ẹ," Satsuki á wí, Kotoha á sì jókòó síwájú pẹpẹ, á rọra jẹ ẹ́ dé egungun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tí Kotoha pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé wò. Ó ránṣẹ́ pe Satsuki, Satsuki sì mú Sumie dání.

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá nìyí," dókítà wí, "ṣùgbọ́n bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, màá ní ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ni mo ń wò. Ọ̀rá ti pọ̀ níbẹ̀ jù. Báwo ni ti bàbá rẹ̀ ṣe rí?"

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ilẹ̀. Dókítà náà kì í ṣe òmùgọ̀, kò bèèrè mọ́. Ó ní, "Ó ṣì kéré, oúnjẹ ṣì lè tún un ṣe. Bó bá dàgbà sínú ẹ̀, ọ̀nà ibi tí bàbá rẹ̀ gbà lòun náà máa gbà."

Nígbà tí wọ́n jáde, Satsuki di apá Sumie mú. "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa oúnjẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí náà lọ mọ́ mi lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, Sumie kò ní ọmọ iléèwé mìíràn lójú bíi Kotoha. Ó wò ó nídìí oúnjẹ, ohun tó sì rí kò dùn mọ́ ọn. Ọmọ náà á mu mílíìkì rẹ̀, á jẹ ìrẹsì funfun, á sì rọra sún gbogbo ohun tó jẹ́ ewé tàbí ẹ̀fọ́ sẹ́bàá àwo. Sumie lọ ejìnrìn kúnná, ó pò ó mọ́ ẹran. Kotoha ṣa ẹran náà tì. Sumie gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹyin. Ọmọ náà rí i bí adìyẹ ṣe ń rí òkúta nínú àgbàdo.

"Ṣé o ti tọ́ ọ wò ni?" Sumie bi í.

"Mi ò ní í tọ́ ọ wò, Tíṣà. Ẹ ṣeun." Bí wọ́n bá wà níléèwé, Tíṣà ló ń pè é, nílé, Àǹtí. Kò kanra mọ́ ọn, kò yínmú. Jẹ́jẹ́ ló ń kọ̀ ọ́, bí ẹni tó wà nínú ààwẹ̀.

Ohun tó wá rú Sumie lójú jù ni ti ọgbà. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ máa ń gbin ejìnrìn sábẹ́ fèrèsé kíláàsì, wọ́n á ta àwọ̀n láti ilẹ̀ dé òrùlé, kí ewé rẹ̀ lè bo fèrèsé kí oòrùn má baà sè wọ́n mọ́lé. Olúkúlùkù ló ní kóró tirẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú tirẹ̀ bíi Kotoha. Ó máa ń bomi rin ín kí agogo tó lù, ó máa ń ṣa kòkòrò kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kotoha, ṣé torí ewúrẹ́ lo ṣe ń tọ́jú ẹ̀ báyẹn?" Eishun, ọmọkùnrin tó ń jókòó tì í ní kíláàsì, fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ṣebí ìwọ ò ní í jẹ ẹ́."

"Ewúrẹ́ sàn jù ẹ́ lọ," Kotoha dá a lóhùn. "Òun kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń jẹun."

Lọ́jọ́ kan, ó pe Sumie kó wá wò ó. Ìtàkùn náà ti na ọwọ́ tín-ín-rín kan jáde, ọwọ́ náà rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, kò tíì kan àwọ̀n. "Àǹtí, kò lójú," ọmọ náà wí; ó gbàgbé pé iléèwé làwọn wà. "Báwo ló ṣe mọ ibi tí okùn wà?"

"Ṣe ló ń táràrà. Á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún títí á fi kàn án."

Wọ́n jókòó síwájú rẹ̀ títí iṣẹ́ fi pe Sumie lọ sílé ìdáná. Nígbà tí Sumie máa fi ti ilé ìdáná padà, ọwọ́ tín-ín-rín yẹn ti wé okùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń wé e lẹ́ẹ̀kejì, ó dì í mú gírígírí. Kotoha kò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ejìnrìn kì í ṣe àjèjì sí Sumie, láti inú oyún ló ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yìí, ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí, ara rẹ̀ sì bù máṣọ.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àṣírí tú. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán ni. Sumie ń ti ẹ̀yìn bọ̀ pẹ̀lú àwo ṣíṣófo lọ́wọ́, Kotoha àti Eishun kò sì rí i.

"Jẹ ẹ́ jàre," Eishun ń wí. "Kò lè pa ẹ́. Èmi náà ò fẹ́ràn ẹ̀, mo kàn ń gbé e mì ni."

"Bàbá mi kì í jẹ ẹ́."

"Bàbá ẹ ti kú, Kotoha."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú. Wọ́n máa ń jẹun lọ́jọ́ Sátidé. Èmi àti wọn la jọ máa ń jẹ ẹ́. Bí mo bá wá lọ ń jẹ nǹkan tí wọn ò fẹ́, ta ló máa máa bá wọn jẹun?"

Eishun bojú wo inú àwo rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lọ.

Sumie ní láti gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì tó sún mọ́ ọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo ìgbà tó ti ń bá ahọ́n ọmọ yìí jà, ahọ́n kọ́ ló ń kọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló jókòó ti bàbá rẹ̀ báyìí, tó kọ̀ láti dìde nídìí tábìlì kó má baà ku bàbá náà nìkan. Ìbẹ̀rù àti ìyanu jọ mú Sumie lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló kọ́ ọ ní irú ìfẹ́ báyìí? Ta ló sì ń ra adìyẹ náà? Òun náà ni. Bó bá dáwọ́ rírà dúró, ó ti lé ọmọ kúrò nídìí oúnjẹ bàbá rẹ̀. Bí kò bá sì dáwọ́ dúró, ọmọ náà á bá bàbá rẹ̀ jẹun títí á fi bá a dé ibi tó lọ.

Sumie sọ ọ́ fún Nabi nínú oko. Ìyá náà kò dáwọ́ ọkọ́ dúró.

"Mo ti mọ̀ pé ó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀," ó wí. "Mi ò mọ̀ pé ó ti tó báyẹn."

"Màmá àgbà, kí ni ká ṣe?"

"Mi ò mọ̀." Nabi sún àpótí rẹ̀ síwájú. "Moritaka yìí náà! Ìyá ọkọ mi ló jókòó tì í lórí pẹpẹ yẹn, obìnrin tí kò jẹ́ kí n fi egbò ọ̀dùnkún kan ṣòfò rí. Ó jókòó ti ìyẹn, ó ń jẹ adìyẹ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì yára kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Má fipá gba àwo lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá òkú jẹun, Sumie. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀."

Nígbà tí ejìnrìn bẹ̀rẹ̀ sí í so, àwọn ọmọ ń já tiwọn lọ sílé pẹ̀lú ariwo. Àkọ́so kì í ṣe ti alààyè, gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí pẹpẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e sí. Ti Kotoha nìkan ló kù lórí ìtàkùn, tó tóbi, tó dúdú mìnìjọ̀, tí kò sẹ́ni tó já a. Sumie bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú oúnjẹ ọ̀sán.

"Bó bá pẹ́ sí i, á pọ́n, á sì bẹ́."

"Mo mọ̀, Tíṣà. Ṣùgbọ́n bí mo bá já a, bàbá mi ló ni ín. Wọn ò sì fẹ́ràn ẹ̀. Màmá àgbà ní inú àwo yín ni wọ́n máa ń dà á sí."

Ibi tí wọ́n dúró sí kò jìnnà sí fèrèsé ọ̀gá iléèwé, Ọ̀gbẹ́ni Zukeran, ó sì ń jẹun lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ló máa ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ṣáájú àwọn ọmọ.

"Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀gá ló máa ń kọ́kọ́ jẹun?" Kotoha bèèrè. "Ṣé ebi máa ń pa wọ́n jù wá lọ ni?"

"Wọ́n ń tọ́ ọ wò fún yín ni. Bí nǹkan burúkú kan bá wà níbẹ̀, àwọn ló máa kọ́kọ́ bá, kò ní í dé ọ̀dọ̀ yín. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, ẹ̀yin náà lè jẹ ẹ́ nìyẹn."

"Ẹ̀rù kì í bà wọ́n?"

Ọ̀gá gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. "Ọjọ́ tí Tíṣà Inafuku bá se ejìnrìn nìkan lẹ̀rù máa ń bà mí," ó wí, ó sì fi ẹyọ kan sẹ́nu.

Kotoha kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀gá títí tó fi gbé e mì, ó sì tún dúró díẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, ó ń wò ó bóyá yóò ṣubú. Lẹ́yìn náà ló dúpẹ́, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ìsinmi dé, oṣù àwọn òkú sì wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn tó ti lọ fi máa ń padà wá sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ àárín, ilé Nabi mọ́ fínnífínní, èso wà lórí pẹpẹ, tíì wà níbẹ̀, adìyẹ díndín tí Sumie rà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò tíì rí ọkàn tó máa fi dáwọ́ dúró. Satsuki ń to àwo lọ́wọ́ nígbà tí Kotoha wọlé, ó gbé ejìnrìn rẹ̀ dání pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti ń pọ́n.

"Màmá àgbà, ẹ yá mi lọ́bẹ."

Ó gé e fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án. Sumie dúró tì í. "Ṣé ká fi iyọ̀ ra á, kó lè dín kíkorò rẹ̀ kù?"

"Rárá, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Mi ò fẹ́ tan wọ́n jẹ."

Ó dín in pẹ̀lú ẹyin àti wàrà sóyà bó ṣe rí i níléèwé. Ó bù ú sínú àwo, ó gbé e wá síwájú pẹpẹ, gbogbo wọn sì kúnlẹ̀. Nabi tan tùràrí. Ohun tó kàn ni kí Kotoha gbé àwo náà sókè, kó sì fà sẹ́yìn. Kò gbé e sókè. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi ń jẹun, ó mú ẹyọ ejìnrìn kan tó tóbi jù, ó sì fi sẹ́nu ara rẹ̀.

"Kotoha!" Satsuki ta gìrì. "Àwọn àgbà ò tíì jẹun."

Nínú ilé yẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti fi òpó rẹ̀ sọlẹ̀, alààyè kan kò ṣáájú òkú jẹun rí. Sumie wo ojú ìyá àgbà, ó rò pé ìbínú ni òun máa rí níbẹ̀. Nabi gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí Satsuki, pé kó fi ọmọ náà sílẹ̀.

Kotoha ń jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ kó jọ, omi lé ròrò sí i, èjìká rẹ̀ gùn sókè, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ. Ó gbé e mì. Ó dúró díẹ̀, ó fọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu gbàgà síwájú pátákó kékeré tó ní orúkọ bàbá rẹ̀, kí bàbá náà lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

"Bàbá, mo ti bá yín tọ́ ọ wò," ó wí. "Ó korò gan-an. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ṣe mí. Ẹ lè jẹ ẹ́."

Ó wá gbé àwo náà sórí pẹpẹ, ó rọra ti adìyẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ààyè lè wà fún un, ó sì pa ọwọ́ pọ̀.

Satsuki fi etí aṣọ nu ojú. Sumie kò lè gbé orí sókè. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ohun tó yẹ kí wọ́n jẹ, kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé ọmọ lè nífẹ̀ẹ́ òkú débi pé á fi ẹnu ara rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ bá ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó rò ó wò pé nígbà tí àwọn wà léwe, òun ló ń jẹ ejìnrìn Moritaka kó má baà jẹ ẹ́; ọmọ yìí jẹ ẹ́ kí bàbá rẹ̀ lè jẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ méjèèjì mú un lọ́kàn bí òtútù, ó sì tún mú un bí ayọ̀.

Èéfín tùràrí gòkè, ó tẹ̀, ó tú ká. Nígbà tó jó tán, Nabi fúnra rẹ̀ gbé àwo ejìnrìn sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e sáàárín wọn. Wọ́n jẹ ẹ́. Kotoha mú ẹyọ kan, ó sinmi, ó mu tíì sí i, ó tún mú òmíràn. Ó jẹ ẹsẹ̀ adìyẹ kan nítorí pé ọjọ́ bàbá rẹ̀ ni, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ láìsí ẹni tó sọ fún un.

Nabi ń wò ó. Ìyá tó fọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ-ọmọ rẹ̀ na ọwọ́ kan náà, ó gbé e lé orí ọmọ náà.

"Ó dáa," ó wí. "Ìwọ lo máa sin mí."

"Nígbà wo, Màmá àgbà?"

"Nígbà tí mo bá ṣe tán. Máa jẹun o, kó o lè lágbára. Mo wúwo."

Kotoha wo arúgbó tín-ín-rín náà látòkè délẹ̀, ó sì tún na ọwọ́ sí àwo ejìnrìn.